Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ohun mímu pupa ọjọ́ Juneteenth

Ohun mímu pupa kì í wọ́n níbi àjọ̀dún Juneteenth, tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi ń rántí ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, ọdún 1865, tí wọ́n kéde òmìnira àwọn ẹrú ní Galveston, ìpínlẹ̀ Texas. Ẹran sísun lórí èédú àti bàrà olómi náà máa ń wà ńlẹ̀.

Òdòdó ìṣápá pupa, tí wọ́n fi ń ṣe zobo ní Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò. Wọ́n á rẹ òdòdó gbígbẹ náà sínú omi gbígbóná pẹ̀lú atalẹ̀. Láìpẹ́ omi á pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó kan gan-an, ṣúgà kò ṣeé fojú fò. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á da yìnyín sí i. Kí aláṣọ funfun ṣọ́ra: àbàwọ́n rẹ̀ kì í tètè lọ.