Ìgbín Ń Jẹun, Ó Ń Kọ́lé: Bí A Ṣe Lè Pèsè Oúnjẹ Ìgbín Nílé

Tó bá jẹ́ pé ẹ ń sin ìgbín, yálà nínú àpótí onígi lẹ́yìnkùlé tàbí nínú gíláàsì olómi tí ẹja wà, tiyín ni ọ̀rọ̀ òní.

Nílùú wa, Ìlerò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, ìbéèrè kan wà táwọn èèyàn máa ń bi mí nígbàkúgbà tí mo bá wá sílé láti yunifásítì: "Kí ni kí n fún ìgbín mi jẹ?" Àwọn ọmọdé tó fi ìgbín méjì-mẹ́ta ṣeré nínú ike ọ̀dà ń béèrè. Àwọn ìyá tó ń sìn ín fún títà náà ń béèrè, tiwọn kì í sì í ṣe eré, torí owó ilé-ìwé ọmọ ni wọ́n ń retí níbẹ̀.

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ ni "ewé". Òótọ́ ni, ìgbín ń jẹ ewé. Ṣùgbọ́n ìgbín ní iṣẹ́ kan tí ewúrẹ́ ò ní: ó gbọ́dọ̀ kọ́ ilé sẹ́yìn ara rẹ̀, kó sì máa fẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa dàgbà. Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun á tẹ̀ lé e. Ká tó lè bọ́ ìgbín dáadáa, a ní láti bọ́ ìkarahun náà.

Kí ló wà nínú ìkarahun?

Nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ìkarahun ìgbín, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló jẹ́ calcium carbonate. Ohun kan náà ló pọ̀ jù nínú èèpo ẹyin, òun náà ló sì wà nínú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Oúnjẹ ni ìgbín ti ń rí kálísíọ̀mù inú rẹ̀, ó sì tún máa ń gba díẹ̀ lára ilẹ̀ tútù tó ń wọ́ lé. Tó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹran fẹ́lẹ́ kan tó wà létí ẹnu ìkarahun á máa fi mọ ilé náà díẹ̀díẹ̀, bíi bíríkìlà tó ń to búlọ́ọ̀kù.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etí ẹnu ìkarahun nìkan ni ilé ìgbín ti ń gùn sí i. Tí òkè ìkarahun bá ti ṣí tàbí tó jẹrà, ìgbín lè fi nǹkan kún un láti inú, ṣùgbọ́n kò lè tún un rẹ́ láti ìta.

Ìgbín mọ̀ pé òun nílò nǹkan yìí. Ní Florida, ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí àwọn ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà ní agbègbè Miami lọ́dún 2011, ọdún 2021 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ti pa wọ́n tán níbẹ̀. Yàtọ̀ sí pé wọ́n ń jẹ irè oko, wọ́n ń fi ahọ́n wọn tó rí bíi fáìlì ha sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ara ilé jẹ, torí kálísíọ̀mù. Nínú àpótí tí kò ti sí ògiri, ìkarahun ẹnì kejì ni wọ́n máa ń ha. Tẹ́ ẹ bá rí ìgbín tó gun ẹ̀yìn ara wọn, tí ojú ìkarahun sì ń di funfun, tó ń ṣí, ẹ yẹ oúnjẹ wọn wò.

Kí ló dé tí ewé ò fi tó?

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ewé kókò ní ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní oxalic. Ásíìdì yìí máa ń di kálísíọ̀mù mú, kò sì ní jẹ́ kó rọrùn láti wọ ara. Kò túmọ̀ sí pé ẹ má fún wọn o. Ẹ kàn má fi ṣe oúnjẹ kan ṣoṣo.

Lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ wa kò tutù bíi ti igbó Oǹdó. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìgbín á fà sínú, á fi awọ funfun kan sé ẹnu ọ̀nà, á sì sùn. Kálísíọ̀mù wà nínú ilẹ̀kùn yẹn náà. Ìgbín tí kò jẹun kánú nígbà òjò kò ní nǹkan púpọ̀ nípamọ́ tó bá fẹ́ sùn.

Bí mo ṣe ń ṣe é

Ohun tẹ́ ẹ máa wá: èèpo ẹyin mẹ́wàá (àwọn tó ń dín ẹyin ta máa ń dà á nù ni), ọ̀dùnkún kan, ẹ̀kúnwọ́ ewé ìbẹ́pẹ, ṣíbí ìjẹun méjì ẹ̀wà sóyà tí ẹ ti yan tẹ́ ẹ sì lọ̀, àti ife ògì kan.

1. Ẹ fọ èèpo ẹyin, kí ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí kòkòrò àrùn lè kú. Ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, kí ẹ wá fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Èèpo ẹyin kan máa ń wọn bíi gíráàmù 5; nǹkan bíi gíráàmù 2 níbẹ̀ ló jẹ́ kálísíọ̀mù gan-an.

2. Ẹ se ọ̀dùnkún àti ewé, kí ẹ gún wọn pọ̀. Ẹ má fi iyọ̀ sí i.

3. Ẹ da omi kíkan orí ògì nù, kí ẹ po ògì náà kó ki bíi ti ẹ̀kọ. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ sóyà àti ṣíbí méjì lẹ́búlẹ́bú èèpo ẹyin. Tó bá hó díẹ̀, ẹ má fòyà: ásíìdì inú ògì ló pàdé calcium carbonate. Ẹ lè fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ dán an wò lára èèpo ẹyin, ẹ ó rí bó ṣe ń hó.

4. Ẹ dà á sínú àwo kó dì, kí ẹ gé e ní kékeré. Ẹ fún wọn nírọ̀lẹ́, torí òru ni ìgbín ń jẹun, kí ẹ sì kó àjẹkù kúrò láàárọ̀.

Lẹ́búlẹ́bú tó ṣẹ́ kù, ẹ gbé e sínú ìdérí ike kan nínú àpótí wọn. Èyí tó bá nílò á lọ lá a fúnra rẹ̀.

Fún ìgbín inú gíláàsì olómi, ẹ̀kọ á ba omi jẹ́. Jẹ́látìn ni àwọn tó ń sìn ín lókè òkun fi ń mú un dì. Kékeré ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ sì yọ àjẹkù lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, torí tó bá jẹrà, á tú ammonia sómi, ìyẹn sì ń pa ẹja àti ìgbín. Tí omi fúnra rẹ̀ bá kan, á máa jẹ ìkarahun bí omi ọsàn ṣe ń jẹ èèpo ẹyin.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀

Iyọ̀, magí àti ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí: iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára ìgbín títí á fi kú. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, torí májèlé cyanide. Ewé tí wọ́n fín oògùn apakòkòrò tàbí oògùn apako sí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o: ẹ má jẹ́ kí ọmọ lọ kó ìgbín kéékèèké inú odò wá sílé fún eré. Irú àwọn kan tí à ń pè ní Bulinus àti Biomphalaria ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Kòkòrò náà á jáde lára ìgbín sínú omi, á sì gba awọ ara wọlé sára èèyàn. Ìgbín orí ilẹ̀ kì í gbé tirẹ̀, síbẹ̀ kí ọmọ fi ọṣẹ fọwọ́ tó bá ti fọwọ́ kàn án.

Tẹ́ ẹ bá ń fún wọn lóúnjẹ yìí bíi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ewé àti èso lọ́jọ́ tó kù, ẹ máa wo etí ẹnu ìkarahun láàárín oṣù kan sí méjì. Ibẹ̀ ni ìgbín ti máa fi hàn yín bóyá oúnjẹ náà ń ṣiṣẹ́.