Ètò mi ò kú, ó kàn ń dúró ni

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ètò Python kékeré kan sílẹ̀ kó máa gba ìwọ̀n ooru látara ẹ̀rọ kan tó wà ní yàrá mìíràn. Mo jí ní aago 7 àárọ̀, fáìlì mi ò kọjá aago 2 òru. Kò sì sí àṣìṣe kankan lójú kọ̀ǹpútà o!

Bí o bá ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì TCP ní Python láì yí nǹkan kan padà, ṣe ló máa ń dúró. Tí o bá kọ recv(1024), kì í ṣe pé ó ń retí kí báìtì 1024 pé. Ẹyọ kan péré tó bá dé, ó lè gbé e fún ọ. Tí kò bá sí nǹkan kan, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Tí ẹni òdìkejì bá ti ìlà náà dáadáa, recv á dá b'' padà, ìyẹn òfìfo, wàá mọ̀ pé ó ti lọ. Ṣùgbọ́n iná ló lọ níbi ẹ̀rọ tèmi, kò ráyè sọ pé ó dàbọ̀. Kódà nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ náà ti gbàgbé wa. Ètò mi kì í sì í fi nǹkan ránṣẹ́ sí i, báwo ni yóò ṣe mọ̀?

settimeout(10) ni mo fi tún un ṣe: tí ìṣẹ́jú àáyá 10 bá kọjá láìsí nǹkan, TimeoutError á jáde, ètò á sì tún ìlà so. setblocking(False) ò tiẹ̀ ní dúró rárá; BlockingIOError ló máa jù sí ọ lójú ẹsẹ̀. Má kàn fi í sínú while láìlo select o, CPU rẹ á gbóná bí ààrò.

Wákàtí 5 tó sọnù yẹn ṣá, mo tún un wọ̀n ni.