Agbára ni tàbí Ìfaradà? Orúkọ Epo Bẹntiróòlù àti Ọkọ̀ Asáré ní Ìgboro Èkó

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ohun èlò àti ọjà. Bí orúkọ nǹkan kò bá bá ìwà rẹ̀ mu, ẹni tí ó ń lò ó ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí wà ní gbangba ní àwọn ilé epo àti ìsọ̀ mẹkáníìkì tí ó wà láti Yaba dé Sùúrùlérè, àti ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ẹnì kan ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, irú èyí tí a ṣe fún eré sísá. Ó ṣí ìdérí ihò tí a ń gbà bu epo sí i, ó sì rí àkọlé tí ó sọ pé epo “premium” ni kí a máa lò, òǹkà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 91. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ilé epo kan ní òpópónà Ìkòròdú. “Premium Motor Spirit” ni orúkọ tí ìjọba Nàìjíríà fún bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà níbẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń gé kúrú sí PMS. Òǹkà tí òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè yìí sì là sílẹ̀ fún un ni pé kò gbọdọ̀ dín ní 91. Ọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ mu, òǹkà bá òǹkà mu. Ọlọ́kọ̀ sanwó, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí àkọlé ọkọ̀ rẹ̀ béèrè kọ́ ni ó wọ inú táńkì rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀rọ̀ ni ó ṣì í lọ́nà.

OHUN TÍ ÒǸKÀ NÁÀ Ń WỌ̀N

Ẹ́ńjìnì ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí Nikolaus Otto, ará Jámánì, ṣe ní ọdún 1876 ni baba ńlá ẹ́ńjìnì tí ń lo bẹntiróòlù lónìí. Ìgbésẹ̀ kìíní, písítìnì á fa àdàlù afẹ́fẹ́ àti epo wọ inú sílíńdà. Ìkejì, á fún àdàlù náà pọ̀. Ìkẹta, pọ́lọ́ọ̀gì á ta iná sí i, iná náà á sì ti písítìnì wálẹ̀. Ìkẹrin, èéfín á jáde. Agbára tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wá láti inú ìgbésẹ̀ kẹta, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kejì ni ó ń pinnu bí agbára náà yóò ti pọ̀ tó. Bí àdàlù náà bá ti fún pọ̀ tó ni iná rẹ̀ yóò ti ṣiṣẹ́ tó.

Ìfiwéra àyè inú sílíńdà kí ìfúnpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ó parí ni a lè pè ní ìwọ̀n ìfúnpọ̀. Nínú Fọ́síwágìnì tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, ìwọ̀n náà kò ju bíi 7 sí 1 lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ó ti tó 10 sí 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ asáré mìíràn tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tí ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ wọ inú sílíńdà kí ìfúnpọ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná. Ọmọdé tí ó bá fi páǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ mọ èyí, nítorí ìdí páǹpù náà a máa jó o lọ́wọ́. Bí ìfúnpọ̀ bá pọ̀ ju èyí tí epo lè fara dà lọ, apá kan àdàlù tí ó jìnnà sí pọ́lọ́ọ̀gì yóò gbiná fúnra rẹ̀ kí iná tí pọ́lọ́ọ̀gì tàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á bú lẹ́ẹ̀kan náà, ara sílíńdà á sì máa dún bí ìgbà tí a ń fi òòlù kékeré lu irin. Bí èyí bá le tí ó sì pẹ́, ó lè dá písítìnì lu.

Ní ọdún 1926 sí 1927 ni Graham Edgar, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ fún ìfaradà yìí. Ó mú èròjà méjì. Èkíní ni heptane, tí í yára gbiná fúnra rẹ̀. Ó fún un ní òdo. Èkejì ni oríṣi octane kan tí kì í tètè gbiná bẹ́ẹ̀. Ó fún un ní 100. Èdè Gíríìkì ni orúkọ “octane” ti wá, ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ni ẹ̀jọ, nítorí pé átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá sọ pé òǹkà epo kan jẹ́ 91, ohun tí a ń sọ ni pé, nínú ẹ́ńjìnì ìdánwò, ó fara da ìfúnpọ̀ gẹ́gẹ́ bí àdàlù ìdá 91 octane yẹn àti ìdá 9 heptane yóò ti fara dà á. Kò túmọ̀ sí pé ìdá 91 octane ni ó wà nínú epo náà. Kò sì sọ ohunkóhun nípa iye agbára tí ó wà nínú rẹ̀.

Gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í gbà. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Òǹkà ethanol, ọtí líle tí a lè fi ìrèké ṣe, ju 100 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru tí ó wà nínú lítà kan rẹ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti bẹntiróòlù. Òǹkà rẹ̀ ga, agbára inú lítà rẹ̀ kéré. Ìfaradà ni òǹkà náà ń wọ̀n, kì í ṣe agbára.

ÒǸKÀ KAN, ỌNÀ MẸ́TA

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dán epo wò nínú ẹ́ńjìnì onísílíńdà kan tí ìwọ̀n ìfúnpọ̀ rẹ̀ ṣeé yí padà. Ní ọ̀nà kìíní, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ̀nà ìwádìí, ẹ́ńjìnì á máa yí ní ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan. Ní ọ̀nà kejì, tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà mọ́tò, á máa yí ní ìgbà 900, àdàlù rẹ̀ á sì ti gbóná kí ó tó wọlé. Ọ̀nà kejì yìí le ju ti ìṣáájú lọ, nítorí náà òǹkà tí epo kan náà ń gbà níbẹ̀ a máa kéré sí i.

Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń lo òǹkà ọ̀nà ìwádìí. Ní ilé epo Amẹ́ríkà, àròpọ̀ òǹkà méjèèjì tí a pín sí méjì ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ. Epo tí Amẹ́ríkà kọ 87 sí, tí wọ́n kà sí epo lásán lọ́dọ̀ tiwọn, jẹ́ bíi 91 tàbí 92 ní ọ̀nà ìwádìí. Èyí tí wọ́n kọ 91 sí jẹ́ bíi 95 tàbí 96.

Àdììtú ọlọ́kọ̀ tòkunbọ̀ wa ti tú wàyí. 91 tí ọkọ̀ rẹ̀ ń béèrè jẹ́ bíi 95 ní òṣùwọ̀n Nàìjíríà, 91 tí ó rà sì jẹ́ epo lásán ní òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà. Atúmọ̀-èdè tí ó bá gbé òǹkà láti inú ìwé ìlò ọkọ̀ wọ inú Yorùbá láìsọ ọ̀nà tí a gbà wọ̀n ọ́n ti kọ òǹkà náà tọ́, ó sì ti ṣi òǹkàwé lọ́nà.

ṢÉ OWÓ NÁÀ TÓ Ó NÁ?

Ìdáhùn wà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, kò sí lọ́wọ́ epo. Ọkọ̀ tí a ṣe fún epo lásán kò lè rí èrè kankan nínú epo olóǹkà gíga, nítorí ìfúnpọ̀ rẹ̀ kò tó èyí tí yóò lo ìfaradà náà. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ awakọ̀ Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí AAA ṣírò rẹ̀ pé ó ju bílíọ̀nù 2.1 dọ́là lọ tí àwọn awakọ̀ ibẹ̀ fi ṣòfò láàárín ọdún kan lórí irú epo bẹ́ẹ̀, nínú ọkọ̀ tí kò nílò rẹ̀.

Ti ọkọ̀ asáré yàtọ̀. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ohun èlò kékeré kan wà tí ń tẹ́tí sí ìró ìgbiná òjijì. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sún àsìkò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń ta iná sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnì á bọ́ lọ́wọ́ ewu, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á dín kù, epo tí ó ń jẹ á sì lè pọ̀ sí i. Ọlọ́kọ̀ ti ra ẹṣin, ó sì ń fi okùn so ó lẹ́sẹ̀. Fún irú ọkọ̀ yìí, epo olóǹkà gíga tó owó rẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ka àkọlé dáadáa. Àwọn kan sọ pé epo bẹ́ẹ̀ jẹ́ dandan, àwọn mìíràn sọ pé ìmọ̀ràn ni. Nígbà tí AAA dán àwọn ọkọ̀ tí ó gba ìmọ̀ràn nìkan wò ní ọdún 2017, agbára tí ó kún wọn kò ju bíi ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí a bá dá gbogbo wọn pọ̀. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ojúẹlẹ́gba, níbi tí ẹrù kò ti wúwo lọ́rùn ẹ́ńjìnì, ó ṣòro kí awakọ̀ tó mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní òpópónà tí ó dá, tàbí tí ó ń fi ẹrù gun òkè, ni ìfaradà epo ń hàn.

Ọ̀rọ̀ ìgò kéékèèké tí wọ́n ń tà láti gbé òǹkà epo sókè náà nílò àkíyèsí. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní “point” kan kì í ṣe odindi òǹkà, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni. Ẹni tí ó rò pé òun gbé epo láti 91 dé 94 lè jẹ́ pé 91.3 ni ó dé.

ÒǸKÀ GÍGA KÌ Í ṢE Ẹ̀RÍ ÌDÁRA

Ìtàn kìlọ̀ fún wa níhìn-ín. Ní ọdún 1921 ni Thomas Midgley rí i pé èròjà olójèé kan ń gbé ìfaradà epo ga. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òjé ni ayé fi ra òǹkà gíga, èéfín rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà tó fi òpin sí i pátápátá, Àlgéríà sì ni ó kẹ́yìn gbogbo ayé ní ọdún 2021.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ tí ń ṣe àkóso epo ní Nàìjíríà kéde pé wọ́n ti rí bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà. Ìlà gígùn wà ní ilé epo ní Èkó nígbà náà. Methanol alára ní òǹkà tí ó ju 100 lọ, nítorí náà kì í ṣe àìtó òǹkà ni àléébù epo yẹn. Ẹni tí ó bá túmọ̀ òǹkà yìí sí “ìwọ̀n ìdára epo” kò ní rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ WO NI Ó YẸ?

Nígbà tí a ti wo ilé, ó tó àkókò láti sọ ọmọ lórúkọ. “Agbára epo” kò yẹ fún òǹkà yìí, nítorí ìdí tí ethanol ti fi hàn. Òǹkà ìfaradà ni ó bá ìwà rẹ̀ mu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a lè wá sọ òǹkà ìwádìí, òǹkà mọ́tò àti òǹkà agbedeméjì, èyí tí ó kẹ́yìn sì ni ti Amẹ́ríkà.

“Ojúlówó” ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn fún “premium”. Ṣùgbọ́n ayédèrú ni òdìkejì ojúlówó ní èdè wa, epo olóǹkà 91 kì í sì í ṣe ayédèrú. Epo onífaradà gíga sàn jù. Ní ti “Premium Motor Spirit”, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá ìtumọ̀ fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà sọ mọ́tò di ohun tí ó ní ẹ̀mí. Epo bẹntiróòlù ni, ó parí.

Èyí tí ó nílò ìṣọ́ra jù lọ ni “knock”. Ọ̀rọ̀ náà ti di Yorùbá lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìtumọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnì kan ti nọ́ọ̀kì ní Múṣin, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti kú, àtúnṣe ńlá tàbí ẹ́ńjìnì mìíràn ni ó kù. Ní ti onímọ̀ ẹ̀rọ, ìró lásán ni, tí ó lè wá kí ó sì lọ. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé epo olóǹkà kékeré ń mú ẹ́ńjìnì “nọ́ọ̀kì” yóò dá ìpayà tí kò nídìí sílẹ̀. Kí a fi nọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ni ín, kí a sì pe ti onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìgbiná òjijì.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹkki ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹntiróòlù ní ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òǹkà epo kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun mọ́, ọ̀rọ̀ ilé ni. Nígbà tí ọlọ́kọ̀ ní Sùúrùlérè bá lè fi èdè abínibí rẹ̀ béèrè pé, “Òǹkà ìfaradà wo ni, ọ̀nà wo sì ni a gbà wọ̀n ọ́n?” kò tún ní sí àkọlé tí yóò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba owó rẹ̀.