Kí A Tó Wá Ìwé Ọ̀fẹ́ fún Kíláàsì: Àkọsílẹ̀ Kọ́ọ̀sì ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ránṣẹ́ ìwé sí Tímótíù lẹ́ẹ̀kejì, ní orí kẹrin, ẹsẹ kẹtàlá, kò wulẹ̀ ní kí ó bá òun kó ìwé wá. Ó dárúkọ ìlú, Tíróásì. Ó dárúkọ Kárípù tí òun fi ẹrù sílẹ̀ sí lọ́dọ̀. Ó sì sọ èyí tí òun fẹ́ jù nínú àwọn ìwé náà, ìyẹn àwọn ìwé awọ. Ó mọ ohun tí ó ń wá. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí àwa tí a ń wá ìwé ọ̀fẹ́ fún kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun èlò ẹ̀kọ́ tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni à ń sọ. Ọdún 2002 ni ìpàdé tí UNESCO pè ní Paris fún wọn ní orúkọ tí ayé fi ń pè wọ́n lónìí. Ìwé kíkà wà nínú wọn, fídíò wà, ìbéèrè ìdánwò náà wà. Ẹni tí ó ṣe wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí a dà wọ́n kọ, kí a pín wọn, kí a sì tún wọn ṣe. Ní Nàìjíríà, National Open University, tí a ń pè ní NOUN, ti kó ìwé kọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan àwọn ti ẹ̀kọ́ Kristẹni tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CTH.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ kọ́ọ̀sì a máa tan ni jẹ. Ká ní kọ́ọ̀sì wa ni Ẹ̀kọ́ nípa Ẹ̀mí Mímọ́. A wá a lórí fóònù, a rí ìwé tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an, ọ̀fẹ́ ni, ó sì mọ́ lójú. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn tí wọ́n gbà pé fífi èdè fọ̀ àti ìwòsàn ti dópin pẹ̀lú àwọn àpọ́sítélì ni wọ́n kọ ọ́. A kò sọ pé kí a má ka irú rẹ̀; olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ lè fi kọ́ni bí a ṣe ń fi Ìwé Mímọ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tí ó ń dá kà á lóru ní Òkè-Ọ̀kà kò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí ó bá kà ni yóò sì gun orí pẹpẹ pẹ̀lú rẹ̀.

Kí télọ̀ tó gbé àlùmọ́gàjí lé aṣọ, ó ti fi téèpù wọn ara. Téèpù tiwa ni ojú ìwé kan fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ kọ́ọ̀sì àti wákàtí rẹ̀ kò ṣòro láti kọ. Èyí tó gba làákàyè ni kí a bi olùkọ́ pé: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe nígbà tí ó bá parí, tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀? Bí ó bá dáhùn pé “yóò mọ ìwé Róòmù,” a kò tíì rí nǹkan kan kọ. Bí ó bá ní “yóò lè fi Róòmù orí kẹjọ wàásù níbi ìsìnkú láìṣi ọ̀rọ̀ náà lò,” ìyẹn ni a lè fi wá ìwé. A ó tún béèrè ìwé tí wọ́n ń lò lọ́wọ́, iye owó rẹ̀, àti ojú ìwé tí kíláàsì ń kà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Nígbà mìíràn orí méjì péré ni gbogbo kíláàsì ń san owó odindi ìwé lé lórí.

Má ṣe gba ti sílábọ́ọ̀sì nìkan gbọ́. Gba ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí o sì yá ìwé àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ já gaara. Àwọn méjèèjì ni yóò fi ohun tí à ń kọ́ gan-an hàn ọ́. Ìlú méjèèjì sì ni kí a ti ṣe é. Ìkàrẹ́ kò jìnnà sí Ọ̀kà, Àkùngbá ni a ó gbà kọjá, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì kan náà lè jẹ́ ẹ̀kọ́ méjì. Bí kíláàsì Ìkàrẹ́ bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí àwọn tó ń tajà ní Ọ̀ṣèlé bá ti palẹ̀ mọ́, tí ti Ọ̀kà sì jẹ́ Sátidé, ní Yorùbá, ìwé kan kò lè bá àwọn méjèèjì mu láìṣe àtúnṣe.

Lẹ́yìn èyí ni kí a tó wá ìwé, kókó kan lẹ́yìn òmíràn, kì í ṣe odindi kọ́ọ̀sì. Ìwé NOUN dára fún èyí nítorí pé wọ́n pín in sí módù àti yúníìtì. A lè mú yúníìtì méjì, kí a fi ìyókù sílẹ̀.

Kí a wo àṣẹ orí rẹ̀ dáadáa, pàápàá àwa tí a fẹ́ túmọ̀ sí Yorùbá. Bí a bá rí lẹ́tà ND lára àṣẹ Creative Commons, a lè pín ìwé náà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pín ìtumọ̀ rẹ̀. SA ní tirẹ̀ gbà wá láyè láti túmọ̀, bí a bá fi irú àṣẹ kan náà sórí tiwa. Abẹ́ àṣẹ báyìí ni ìtàn Bíbélì 50 tí unfoldingWord kó jọ wà. Ọ̀fẹ́ láti kà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́ láti dà kọ: Society of Biblical Literature ń jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ka ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ láìsanwó, síbẹ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ wà lórí wọn. Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884 kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wa ti 2022 dáàbò bo ìwé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́, Crowther sì ti kú láti 1891.

Àwọn kókó kan yóò wà tí a kò ní rí nǹkan kan fún. Ní ojú tiwa, ibẹ̀ ni èrè iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù. Nínú kọ́ọ̀sì Ìtàn Ìjọ, a lè rí ìwé ọ̀fẹ́ lórí Luther àti lórí Azusa Street ti 1906. Ẹ wá èyí tó sọ bí iná ìsọjí tí ó sọ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930 lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ran dé ìjọ abúlé tiyín ní Àkókó. Ẹnu àwọn àgbà ìjọ ni ó wà, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a kọ “kò sí” gàdàgbà sí iwájú irú kókó bẹ́ẹ̀, kí a yan akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí yóò lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí a sì fi àṣẹ tó ṣí sílẹ̀ sórí ohun tí wọ́n bá kọ, kí kíláàsì mìíràn lè rí i lò.

Kí a tẹ ẹ̀dà kan sínú fáìlì ní Ìkàrẹ́, ọ̀kan ní Ọ̀kà, kí a sì fi ọ̀kan sórí mẹ́mọ́rì káàdì fún àwọn tí nẹ́tíwọ̀kì kì í dé ọ̀dọ̀ wọn.