Èròjà inú ata tó ń ṣílẹ̀kùn fún àfikún oúnjẹ: kí àwọn agbérin kíyè sára

Àwọn tó ń gbé irin ní ilé ìdárayá mọ àfikún oúnjẹ bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ike rẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n ka ohun tí a kọ sí i lára, ọ̀pọ̀ yóò rí orúkọ kan tí wọn kò retí níbẹ̀: piperine, èròjà tó ń mú ata dúdú ta lẹ́nu. Àwọn tó ń ta àfikún náà sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ara gba àwọn èròjà yòókù dáadáa. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ilẹ̀kùn tí a ṣí fún àlejò kan, ẹlòmíràn lè gba ibẹ̀ wọlé.

Piperine kò ṣàjèjì sí wa. Ó wà nínú ìyèré tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ sínú ọbẹ̀, nítorí pé ẹbí kan náà ni ìyèré àti ata dúdú ilẹ̀ Índíà. Hans Christian Ørsted, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde lára ata dúdú ní ọdún 1819.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Kì í ṣe gbogbo ohun tí a gbé mì ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹ́ńsáìmù wà nínú ìfun àti ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń tú ohun àjèjì palẹ̀. Àwọn purotéènì kan tún wà lára ògiri ìfun bí oníbodè, tí wọ́n ń dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà. Piperine a máa dí àwọn méjèèjì lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ìwádìí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde láti ìlú Bangalore, ní Índíà, ní ọdún 1998. A fún àwọn ènìyàn tí ara wọn le ní gíráàmù 2 curcumin, èròjà inú atalẹ̀ pupa tí àwọn eléré ìdárayá ń lò nítorí ìrora iṣan. Nígbà tí wọ́n lo òun nìkan, díẹ̀ báyìí ni a rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tí a fi mílígíráàmù 20 piperine kún un, èyí tí ara gbà fi ìdá 2000 nínú 100 pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó kópa kò pọ̀, kò sì pẹ́ tí èròjà náà fi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Pé nǹkan pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé iṣan yóò tóbi.

Kì í ṣe gbogbo àfikún ló nílò irú ìrànwọ́ yìí. Creatine tí àwọn agbérin ń pò mọ́ omi mu, ara fúnra rẹ̀ ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá san owó lé e nítorí piperine inú irú àfikún bẹ́ẹ̀, ohun tí kò nílò ló rà.

Ibi tí ewu wà ni pé oníbodè kan náà ló ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ oògùn òyìnbó. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1991 fi hàn pé mílígíráàmù 20 piperine lójúmọ́, fún ọjọ́ 7, mú kí propranolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti theophylline, oògùn ikọ́ fée, pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìwádìí mìíràn rí ohun kan náà nípa phenytoin, oògùn wárápá. Ní ti theophylline àti phenytoin, ìwọ̀n tó ń woni sàn àti èyí tó ń ṣeni léṣe kò jìnnà síra. Nítorí náà, ẹni tí dókítà ti díwọ̀n oògùn fún lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí òòyì láìfi hóró kan kún un.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2019, ìjọba Ítálì pàṣẹ pé kí a kọ ìkìlọ̀ sára àfikún atalẹ̀ pupa, lẹ́yìn tí ẹ̀dọ̀ àwọn kan tó lò ó wú.

Èyí kò ní kí a má jẹ ọbẹ̀ ìyèré mọ́. Ìwọ̀nba tí à ń fi sọbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a fún pọ̀ sínú hóró oògùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra àfikún, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, kí ẹ sì ka gbogbo èròjà inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, ẹ gbé ike náà lọ fi han dókítà tàbí apòògùn yín. Bí ojú yín bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí iyẹ̀ ìbẹ́pẹ, tàbí tí ìtọ̀ yín dúdú, ẹ dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.