Kí Ló Dé Tí Pátákó Ibùdó Réluwè Fi Ń Parọ́ Fún Wa?

Ètò tòní, ti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ni, pàápàá ẹ̀yin ará wa ní gúúsù London.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ wà ní Peckham Rye láàárọ̀. Pátákó ní ọkọ̀ yín ń bọ̀ ní 7:38, kò pẹ́ rárá. Ẹ wo fóònù, ohun kan náà ló wà níbẹ̀. Ó di 7:37, ó ṣì ń bọ̀ lásìkò. Ó di 7:40, ọ̀rọ̀ yí padà: "Delayed". Kò sọ ìgbà tó máa dé. Nígbà tó yá, ó di "Cancelled". Ohùn ẹ̀rọ kan ń tọrọ àforíjì, ó parí. Ní Èkó, bí danfo bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kọ̀ńdọ́ lè bú yín, kẹ́ ẹ sì bú u padà, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹ ti mọ̀ pé ọkọ̀ náà ò lọ mọ́. Ẹ ó wá òmíràn wọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Pátákó yẹn kò rí ọkọ̀ yín. Ètò àkókò tí wọ́n ti là sílẹ̀ ló ń kà. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, àwọn ẹ̀rọ ojú irin á máa sọ ibi tó dé, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ìṣẹ́jú tó kù. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ò bá tíì kúrò níbi tó ti ń gbéra, bóyá torí pé awakọ̀ ò sí, kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣírò? Á kàn máa tún ètò sọ ni, títí ẹnì kan ní yàrá ìdarí á fi tẹ̀ ẹ́ wọlé pé ọkọ̀ yẹn ò ní lọ. Orísun kan náà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ápù inú fóònù yín ti ń mu omi, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pé ẹ ń pààrọ̀ ápù. "Delayed" tí kò ní aago lẹ́yìn, ohun tó ń sọ ni pé àwọn fúnra wọn ò tíì mọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 2018. Ọjọ́ yẹn ni ètò àkókò tuntun bẹ̀rẹ̀ káàkiri Bìrìtìkó. Iṣẹ́ gbígbé iná mànàmáná sójú irin ní agbègbè Bolton, lápá àríwá, ti pẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọ́n wá ń fi ìkánjú tún ètò ṣe. Bẹ́ẹ̀ awakọ̀ réluwè kì í ṣàdédé wa ọ̀nà tí kò tíì kọ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ gbogbo iná ojú ọ̀nà náà, àti gbogbo ibi tó ti yẹ kó dẹ eré. Àwọn awakọ̀ wà, àmọ́ àwọn tó mọ ọ̀nà tuntun ò tó. Ilé iṣẹ́ GTR, tó ń darí Thameslink àti Southern, àti Northern jọ ń fagi lé ọkọ̀ tó tó 780 lóòjọ́.

Àjọ ORR tó ń ṣàbójútó réluwè ṣèwádìí, Stephen Glaister ló ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ náà bíi tirẹ̀. Oníkálùkù ń wo ojú ẹlòmíì.

Ní ọdún 2019, ORR bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lé GTR lórí. Ẹ gbọ́ o: kì í ṣe torí pé ọkọ̀ pẹ́. Torí pé wọn ò sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún èrò lásìkò ni. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ tó pọ̀ jù lọ máa rìn, wọ́n wá ń yí ètò padà títí di ìṣẹ́jú ìkẹyìn, pátákó ò bá wọn lé e bá. Àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó pàápàá ò mọ̀ ju èrò lọ, àwọn sì lèrò ń pariwo mọ́! Lójú tèmi, ọkọ̀ márùn-ún tó dájú lọ́kàn mi sàn ju mẹ́wàá tí mi ò mọ èyí tó máa wá. Ẹni tó mọ̀ láti ilé pé ọkọ̀ ò sí á wọ bọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ó ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Delay Repay. Ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lò ó, bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 15 pẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin owó àlọ yín ni ẹ ó gbà. Ìṣẹ́jú 30, ìdajì. Wákàtí kan, gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ẹ dé ibi tí ẹ ń lọ ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ dé ibùdó tí ẹ ti wọ̀ ọ́, nítorí náà tí ọkọ̀ yín bá pẹ́ ìṣẹ́jú 8 tí ẹ sì tìtorí ẹ̀ pàdánù èkejì, ẹ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì oṣù náà lè béèrè. Ọjọ́ 28 péré ni wọ́n fún yín. Bí pátákó bá ti yí ohùn padà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kíá, kó tó tún di nǹkan mìíràn.