Ọbẹ̀ Ìnáwó: Kí Ni Ṣúgà Ń Wá Nínú Rẹ̀?

Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ fi oúnjẹ sísè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ yín, bí ìjọ bá ní àpéjọ, bí a bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ, ojú yín ni gbogbo wa ń wò. Ẹni tí a bá gbé oúnjẹ fún kì í sábà béèrè ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́. Ó ti fọkàn tán yín. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn alásè máa ń sọ láàrin ara wọn nìkan.

Wọ́n á lọ tòmátì apẹ̀rẹ̀ méjì, wọ́n á gbé e ka iná, ọbẹ̀ á hó, òróró á léfòó, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá tọ́ ọ wò, ó kan. Àkókò ti lọ, àwọn àlejò ti ń jókòó. Ẹnìkan á bu ṣúgà sí i, ẹlòmíràn á ju kán-ún sí i, ọbẹ̀ á sì rọ̀ lẹ́nu, wọ́n á gbé e jáde.

A kò ní fi irọ́ dẹ́rù bà yín. Ṣíbí ṣúgà kan nínú ìkòkò tí igba ènìyàn yóò jẹ kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó bá ti mọ́ ṣíbí kan lára, kì í pẹ́ tí ó fi ń bu ife. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ sì wà nídìí tábìlì, ó ti kọ mínírà, ó ti kọ kéèkì, kò mọ̀ pé ohun tí òun ń sá fún ti wà nínú ọbẹ̀. Ti kán-ún tilẹ̀ tún burú jù lójú tiwa. Lóòótọ́, ó máa ń pa kíkan, ṣùgbọ́n sodium, èyí tí dókítà ń torí rẹ̀ sọ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru pé kí ó dín iyọ̀ kù, pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì wúwo díẹ̀, ọbẹ̀ á máa ta bí ọṣẹ.

Níbo ni kíkan náà ti ń wá? Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún tòmátì tútù, nǹkan bí ìdá 95 ni omi. Ṣúgà tirẹ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn kò ju nǹkan bí ìdá 3 lọ, omi kíkan díẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, irú èyí tí ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti ń dín ọbẹ̀ pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni kíkan yóò máa bá ooru lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi nìkan ni ó ń lọ. Ṣúgà dúró, kíkan náà dúró, àwọn méjèèjì á wá ki sí i. Bí adùn bá borí kíkan nínú tòmátì náà láti ọjà, dídín yóò mú adùn jáde. Bí kíkan ni ó borí, ẹ dín in di ọ̀la, kíkan tí ó ki ni ẹ ó bá nínú ìkòkò.

Ẹ ka 2 Àwọn Ọba orí kẹrin, níbi tí Èlíṣà ti ní kí wọ́n se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ wòlíì ní Gílígálì nígbà ìyàn. Kì í ṣe iná ni ó ba ìkòkò náà jẹ́, kì í sì í ṣe ẹni tí ń ro ó. Ẹni tí ó lọ sí oko lọ já èso wá ni ó já ohun tí kò mọ̀, tí ó rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀. Èlíṣà da ìyẹ̀fun sí i, Ọlọ́run sì wò ó sàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Sátidé ni ó yẹ kí alásè máa retí iṣẹ́ ìyanu.

Ọjà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Láti Òkè Ọya ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú tòmátì tí a ń rà ti ń wá, láti agbègbè Kánò, Kàdúná àti Jọ́s, kí ó tó dé Mile 12 l'Ékòó àti àwọn ọjà wa yòókù. Ọ̀nà náà jìn, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ máa ń já a kí ó tó pọ́n dáadáa. Ara ewé ni ṣúgà ti ń wọ inú èso nígbà tí ó ṣì wà lórí igi. Tí a bá ti já a, ó lè pupa sí i, kíkan rẹ̀ sì lè dínkù, ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́. Ẹ wá èyí tí ó gùn bí ẹyin, tí ẹran ara rẹ̀ nípọn, tí ó pupa dé ìdí ọrùn. Ẹ gbé e sókè kí ẹ wò ó bóyá ó wúwo. Ẹ gbóòórùn ọrùn rẹ̀: èyí tí ó bá ń ta sánsán ni ó dàgbà lórí igi. Tòmátì ìbílẹ̀ wa, èyí tí ara rẹ̀ rí jágajàga, lómi, ó sì kún fún kóró. Ó wúlò fún ọbẹ̀ ilé, àwa náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi òun nìkan se ìrẹsì jọ̀lọ́fù fún èrò.

Bí ìnáwó bá jẹ́ Sátidé, ẹ rà á ní Ọjọ́rú, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní tàbí àpò níbi tí oòrùn kò dé, láìjẹ́ kí wọ́n gun ara wọn. Ẹ má kó o sínú fìríìjì. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà fi hàn pé òtútù fìríìjì a máa pa òórùn dídùn tòmátì, bí a tilẹ̀ mú un jáde padà sínú ooru. Ṣúgà rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹnu kò ní mọ̀ ọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn alásè kan máa ń da tòmátì lílọ̀ sínú àpò kí omi rẹ̀ lè ro dànù, kí ó lè yá lórí iná. Kíkan á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà náà wà nínú omi yẹn. Wọ́n á da adùn sínú gọ́tà tán, wọ́n á wá fi owó ra ṣúgà! Ẹ jẹ́ kí ó hó nínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, láìdé e, títí omi yóò fi gbẹ. Kí ó tó gbẹ, ẹ ti gbé òróró ka iná mìíràn, kí ẹ da àlùbọ́sà tí ó pọ̀ sí i lórí iná tí kò le, títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì máa pọ́n. Àlùbọ́sà àti tàtàṣé tí ó pọ́n dáadáa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ṣúgà ju tòmátì lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da tòmátì sí i, kí ẹ máa ro ó dé ìsàlẹ̀, nítorí pé ṣúgà inú rẹ̀ ti ki, ó sì yá láti jóná. Iyọ̀ ni kí ẹ fi sí i kí ẹ tó dájọ́ pé ó kan, nítorí iyọ̀ díẹ̀ a máa rọ kíkan lẹ́nu.

Ìgbà òjò ni iṣẹ́ yìí máa ń le, nígbà tí tòmátì bá lómi, tí owó rẹ̀ sì gun òkè. Ẹ rántí ọdún 2016 nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta wọ oko, tí ìjọba Kàdúná kéde pàjáwìrì lórí tòmátì ní oṣù karùn-ún. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún onínàáwó kí ẹ tó gba owó rẹ̀ pé tàtàṣé àti àlùbọ́sà ni yóò pọ̀ nínú ọbẹ̀, kí ẹ ṣírò rẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ yóò gbà. Tòmátì alágolo náà lè bá yín gbé e, bí ẹ bá kọ́kọ́ dín in nínú òróró, ṣùgbọ́n ẹ ka ara agolo, nítorí ẹ lè bá ṣúgà tàbí sítáàṣì níbẹ̀. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ fi ṣúgà sí ìkòkò kan, ẹ bu ti àwọn tí dókítà ti kìlọ̀ fún sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi sí i, kí ẹ sì sọ fún àwọn tí ń pín oúnjẹ.

Bí ọbẹ̀ bá ṣẹ́kù, ẹ má jẹ́ kí ó sùn nínú ìkòkò àlùmíníọ́mù, nítorí kíkan tòmátì a máa jẹ irin náà wọ inú oúnjẹ. Ẹ dà á sínú abọ́ tánganran tàbí abọ́ oníke tí ó ní ìdérí, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ tó gbé e pamọ́.